Ṣé ọmọ ti yí padà ni, àbí ó ti mọ ohun tí a fẹ́ gbọ́? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìwé ìbéèrè ìlera àwọn ọmọdé

Àwọn olùkọ́, nọ́ọ̀sì ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá ní Abẹ́òkúta ló sábà máa ń bi mí ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ wọn ti tẹ ìwé ìbéèrè tiwọn tán kí wọ́n tó wá, owó fọ́tòkọ́pì sì ti lọ. Mo kọ ìdáhùn sílẹ̀ kí ẹlòmíì lè kà á kó tó náwó.

Irú ìwádìí wo gan-an lẹ ń sọ?

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ètò kan wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ máa fi ọṣẹ fọwọ́, kí wọ́n máa fọ ẹnu lálẹ́, kí wọ́n dín mínírà mímu kù, kí wọ́n máa sùn sínú nẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n má sì máa lúwẹ̀ẹ́ lódò. Kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n pín ìwé fáwọn ọmọ láti dáhùn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n tún pín ìwé kan náà. Bí máàkì bá gòkè, wọ́n á ní ìwà àwọn ọmọ ti yí padà. Ohun tí à ń yẹ̀ wò níbí ni ìwé náà fúnra rẹ̀: ṣé ó ṣeé gbà gbọ́?

Olùkọ́ kíláàsì kẹrin ni mí, mi ò mọ ìṣirò ńlá. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Ẹni tó bá ti ra gàrí ní Kútọ̀ tàbí Láfẹ́nwá rí mọ̀ pé kóńgò ju kóńgò lọ. Àwọn kan ti lu ìdí tiwọn wọnú. Ẹ ra láàárọ̀, ẹ ra nírọ̀lẹ́, iye kan náà ni kóńgò yẹn yóò wọ̀n fún yín, kò ní yẹ̀. Síbẹ̀, kò pé. Ìwé ìbéèrè náà lè rí bẹ́ẹ̀: ọmọ dáhùn lónìí, ó tún dáhùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìdáhùn méjèèjì bára mu, kò sì sí òótọ́ nínú ìkankan.

Ohun mẹ́ta la máa ń bi ìwé ìbéèrè. Bí nǹkan kan ò bá yí padà, ṣé ó dúró sójú kan? Ṣé ohun tó lóun ń wọ̀n náà ló ń wọ̀n? Bí ìyípadà bá sì wáyé lóòótọ́, ṣé ó lè rí i? Ẹ̀kẹta yìí làwọn èèyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun gan-an niṣẹ́ tí a torí rẹ̀ gbé ìwé kalẹ̀. Kóńgò tó péye jù lọ ní Kútọ̀ ò lè sọ fún yín bóyá ẹnì kan bu ṣíbí kan kúrò nínú àpò gàrí.

A bi wọ́n pé "Ṣé o máa ń fi ọṣẹ fọwọ́?" Gbogbo wọn ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ló burú níbẹ̀?

Mo ti kó sí kòtò yẹn rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo pín ìwé nílé ẹ̀kọ́ kan nílùú yìí. Ó kù díẹ̀ kí gbogbo ọmọ sọ pé àwọn máa ń fi ọṣẹ fọwọ́ tí wọ́n bá ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé. Inú mi dùn. Mo ní kí n fọ ọwọ́ tèmi kí n tó máa lọ sílé. Kò sí ọṣẹ. Ẹ̀rọ omi ti gbẹ, aláǹgbá ló ń yá oòrùn nínú bàsíà tó yẹ kí wọ́n ti máa fọwọ́. Ìwé tí mo kó sápò kò wú mi lórí mọ́.

Àwọn ọmọ yẹn ò purọ́ bí àgbàlagbà ṣe ń purọ́. Ọmọ tí a kọ́ nílé dáadáa, tí àgbà bá bi í ní ohun tí ìdáhùn "rere" rẹ̀ ti hàn kedere, "bẹ́ẹ̀ ni, mà" ni yóò sọ. Ọ̀wọ̀ ló ń fún àgbà. Bí Àǹtí kíláàsì bá tún dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tó ń kọ ọ́, ó tán. Ètò fúnra rẹ̀ á wá bu epo síná: oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi kọ wọ́n lórin pé ọṣẹ dáa, nítorí náà, nígbà ìwé kejì, wọ́n ti mọ ohun tí a fẹ́ gbọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Máàkì á gòkè láìjẹ́ pé ọwọ́ kan ọṣẹ. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti fi ohun tí èèyàn sọ wé ohun tí ẹni tó jókòó wò ó rí, fífọwọ́ tí ẹnu sọ ló máa ń pọ̀ ju èyí tí ojú rí lọ, àgbà àtọmọdé.

Ìṣòro kejì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwa máa ń ṣanwọ́, a sì máa ń fọwọ́. Nílé tí wọ́n ti ń jẹ àmàlà láfún, abọ́ omi kan á wà nílẹ̀, ọwọ́ mẹ́rin, márùn-ún á wọ inú rẹ̀ á jáde, oúnjẹ á bẹ̀rẹ̀. Lójú ọmọ, ó ti fọwọ́. Lójú ẹni tó kọ ìwé ìbéèrè, kò tíì fọ ohunkóhun.

Bí mo ṣe ń bi wọ́n báyìí nìyí: "Àwọn ọmọ kan máa ń fọwọ́ kí wọ́n tó jẹun, àwọn kan kì í fọ̀ ọ́. Lánàá, kí o tó jẹun ọ̀sán, kí ni ìwọ ṣe?" Lẹ́yìn náà, mo á fi ìdáhùn sílẹ̀ kó mú nínú wọn: mo ṣan án nínú abọ́, mo fi omi nìkan fọ̀ ọ́, mo fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, mi ò fọ̀ ọ́, mi ò rántí. Ọ̀rọ̀ tó ṣíwájú yẹn á jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa nà án. Olùkọ́ á jáde síta. Àlejò ni kó ka ìbéèrè náà sókè.

Ọmọ ọdún mélòó ló lè dáhùn fúnra rẹ̀?

Bí ọmọ ò bá tíì pé ọdún mẹ́jọ, ẹ má gbé ìwé fún un. Láti ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ẹ kà á sí i létí, kí ìbéèrè kúrú, kó sì jẹ́ nípa àná tàbí òní. Láti bí ọdún mọ́kànlá sókè, ọ̀pọ̀ wọn lè kọ ọ́ fúnra wọn. Abájọ tí ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní HBSC, tó ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ìlera àti ìwà wọn, tó sì bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù ní àwọn ọdún 1980, fi mú àwọn ọmọ ọdún 11, 13 àti 15.

Àwọn kan máa ń ya ojú tó ń rẹ́rìn-ín àti ojú tó fajú ro fún àwọn ọmọ kékeré láti yàn nínú wọn. Ó dùn-ún wò, àmọ́ ọmọ kékeré kì í fẹ́ ojú àárín. Ojú tó dùn jù tàbí èyí tó bàjẹ́ jù ni yóò mú, nítorí náà ìyípadà díẹ̀ ò ní hàn.

Ẹ tún ṣọ́ra fún gbólóhùn àyísódì. Bí ẹ bá bi ọmọ pé, "Ṣé o kò fọ ẹnu lálẹ́ àná?" tó sì ní "bẹ́ẹ̀ ni," kí ló sọ? Ní èdè tiwa, ó túmọ̀ sí pé òótọ́ ni, òun ò fọ̀ ọ́. Ọmọ tó ti gba èdè Gẹ̀ẹ́sì sórí nílé ẹ̀kọ́ lè fi sọ pé òun fọ̀ ọ́. Ìwé kan náà, kíláàsì kan náà, ìdáhùn kan náà, ìtumọ̀ méjì. Ẹ yọ gbogbo "kò" àti "kì í" kúrò nínú ìbéèrè.

Ṣé kí a kúkú bi ìyá wọn?

Fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé lálẹ́, bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá mọ̀ bóyá ọmọ sùn sínú nẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ìyá tó ti wà ní Ìtọ́kù láti àárọ̀ tó ń ta àdìrẹ kò lè mọ iye mínírà tí ọmọ rẹ̀ fi owó oúnjẹ rà nílé ẹ̀kọ́. Ìyá náà sì ní ojú tó ń tì í.

Ìwé wa ní "Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá". Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ó sinmi lórí ẹni tí ẹ ń bi. Láyé àtijọ́, ọ̀sẹ̀ Yorùbá jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, tí àwọn àgbà ń ka orí àti ìdí rẹ̀ pọ̀ tó fi ń di ọrún. Ìtàdógún, tí àwọn kan máa ń fi túmọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló ń kà. Ọmọ Asẹ́rọ̀ tàbí Ìbarà mọ ọjọ́ méje ti ilé ẹ̀kọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ lọ sí abúlé tí wọ́n ṣì ń fi ọjọ́ ọjà ka ọjọ́, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ náà lójú méjì. Ẹ sọ pé "láti ọjọ́ Sátidé tó kọjá". Bó bá sì ṣeé ṣe, ẹ bi wọ́n nípa àná nìkan, kí ẹ padà wá ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọjọ́ ilé ẹ̀kọ́ méjì àti ọjọ́ ìsinmi kan máa ń tó, nítorí oúnjẹ ọjọ́ Àìkú yàtọ̀.

A ti rí ìwé tí wọ́n ti lò káàkiri àgbáyé. Ṣé a ò kàn lè túmọ̀ rẹ̀?

Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti CDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà, gbé ọ̀kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní GSHS. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2003, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún 13 sí 17 ló sì wà fún. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ṣe níbòmíì ò tíì di iṣẹ́ tí ẹ ṣe ní Ọbàńtokò.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní PAQ-C, tó ń wọn bí ọmọ ṣe ń ṣe eré ìdárayá láàárín ọjọ́ méje, tó sì ń fún un ní máàkì láti 1 dé 5. Kánádà ló ti wá. Lára eré tó kọ sílẹ̀ fún ọmọ láti yàn ni sísáré lórí yìnyín àti bọ́ọ̀lù orí yìnyín. Ẹ ó yọ ìyẹn, ẹ ó fi tẹ́ń-tẹ́ń àti súwé dípò. Ìyẹn rọrùn. Ibi tó le ni ọmọbìnrin tó ń kiri píọ́ wọ́tà láti Pànṣẹ́kẹ dé Òkè-Ìléwọ̀ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, tó sì tún pọn omi nírọ̀lẹ́. Ẹ bi í bóyá ó ṣe eré ìdárayá, yóò ní rárá, nítorí iṣẹ́ ló ṣe, kò ṣeré kankan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara rẹ̀ dáadáa fún 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́, ó kéré tán. Ọmọ yìí ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé yín á sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọmọ tó ń jókòó sójú kan.

Ọ̀nà tí a mọ̀ láti ìgbà Brislin ní 1970 ni pé kí ẹnì kan túmọ̀ ìwé sí Yorùbá, kí ẹlòmíì tí kò rí ti àkọ́kọ́ dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ fi méjèèjì wéra. Ó ń mú àṣìṣe ńlá, àmọ́ kò lè mú "ṣanwọ́", nítorí "fọwọ́" á padà sí Gẹ̀ẹ́sì láìsí wàhálà. Ohun tó ń mú un ni kí ẹ jókòó ti ọmọ bíi mẹ́jọ, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ka ìbéèrè fún un, kí ẹ sì ní, "Fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tí mo bi ọ́." Ibẹ̀ lẹ ó ti gbọ́ pé pákò kì í ṣe "fífọ eyín" lójú ọmọ kan, tàbí pé ọmọ kan ò ka ẹ̀fọ́ tó wà nínú ọbẹ̀ mọ́ ẹ̀fọ́ tó jẹ. Bí mo bá ní owó fún ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, èyí ni mo máa ná an lé.

Ìṣòro yìí ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí o. Ní 1961, Ọ̀mọ̀wé Lambo ti ilé ìwòsàn Aro àti Alexander Leighton ti yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà kó ìwádìí ìlera ọpọlọ wọ Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé Ẹ̀gbá tó yí i ká, kí wọ́n lè fi wé ti Kánádà. Àgbàlagbà ni wọ́n bi. Ìwé wọn jáde ní 1963. Àwọn náà kọ́kọ́ ní láti mọ orúkọ tí àwọn ènìyàn ibí ń pe àìsàn kí wọ́n tó lè béèrè nípa rẹ̀.

Ọ̀gá mi ní yunifásítì ní alpha mi gbọ́dọ̀ ju 0.70 lọ. Ó ti di 0.88. Ṣé mo ti yege?

Ẹ kú oríire, àmọ́ ẹ má tíì jó. Alpha, tí Cronbach gbé kalẹ̀ ní 1951, ń sọ bóyá àwọn ìbéèrè yín ń fa ìhà kan náà. Bí ọmọ bá dáhùn ogún ìbéèrè lọ́nà tí yóò fi tẹ́ Àǹtí lọ́rùn, alpha á ga fíofío. Bó bá sì ju 0.95 lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ fi ẹnu ogún bi. Bákan náà, kí ló pa sísùn sínú nẹ́ẹ̀tì àti mínírà mímu pọ̀? Bí ẹ bá kó wọn sójú kan tí alpha ò ga, ìwé ò bàjẹ́ nítorí ìyẹn.

Báwo la ṣe ń mọ̀ bóyá ìdáhùn dúró sójú kan?

Ẹ fún àwọn ọmọ kan náà ní ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ọ̀pọ̀ ń lò. Bó bá yá jù, wọ́n á rántí ohun tí wọ́n kọ. Bó bá pẹ́ jù, ìwà á ti yí padà lóòótọ́.

Ẹ má kàn ka iye tó bára mu. Ká ní nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, 90 ló ní "bẹ́ẹ̀ ni" nígbà àkọ́kọ́, tí 90 sì tún ní "bẹ́ẹ̀ ni" nígbà kejì. Bí gbogbo wọn bá kàn ń fi ojú dídì fa ìlà, ìdáhùn wọn á ṣì bára mu ní nǹkan bí ìgbà 82 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní kappa, tí Cohen ṣe ní 1960, ló ń yọ orí-ire yẹn kúrò. Ní irú ọ̀ràn yìí, ìbáramu ìgbà 82 kò jẹ́ nǹkan kan, òdo ni kappa rẹ̀.

Máàkì gòkè lẹ́yìn ètò. Ṣé a lè kọ ọ́ pé ètò wa ló ṣe é?

Ẹ kọ́kọ́ wo kàlẹ́ńdà. Bí ẹ bá bi wọ́n nípa èso ní oṣù kẹwàá, tí ẹ sì padà wá ní oṣù kejì, àgbálùmọ̀ ti dé. Gbogbo ọmọ Abẹ́òkúta ló ń jẹ èso ní oṣù kejì, yálà ẹ kọ́ wọn tàbí ẹ ò kọ́ wọn. Nẹ́ẹ̀tì náà ní àsìkò tirẹ̀: nígbà ooru, ọmọ á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìdí nìyí tí ẹ fi nílò ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tí ètò ò dé, tí ẹ óò bi ní ọ̀sẹ̀ kan náà, nígbà méjèèjì. Bí èso bá gòkè níbẹ̀ náà, ẹ mọ ẹni tí ọpẹ́ yẹ.

Ẹ tún wo bí ẹ ṣe yan ilé ẹ̀kọ́. Bó bá jẹ́ èyí tí máàkì rẹ̀ burú jù lẹ mú, ó ṣeé ṣe kó gòkè fúnra rẹ̀, nítorí pé ara ohun tó jẹ́ kó burú lọ́jọ́ yẹn jẹ́ àkọsẹ̀bá lásán.

Nígbà mìíràn, òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀, ó sì máa ń da àwọn èèyàn láàmú gan-an. Ọmọ tó rò pé òun mọ ẹnu fọ̀ fún ara rẹ̀ ní 5 nínú 5. Lẹ́yìn tí wọ́n fi hàn án bó ṣe yẹ, ó rí i pé òun ò ṣe é dáadáa, ó fún ara rẹ̀ ní 3, bẹ́ẹ̀ ó ti ń fọ̀ ọ́ dáadáa ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Máàkì wálẹ̀, ìwà gòkè. Àwọn kan máa ń fi ìbéèrè kan kún ìwé kejì: "Nísinsìnyí tí o ti mọ̀, báwo lo ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀?" Ó ń ràn wá lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrántí ọmọdé ló gbé e ró.

Ẹ yẹ ìwé àkọ́kọ́ wò pẹ̀lú. Bí 34 nínú 40 ọmọ bá ti mú "ìgbà gbogbo" kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ mẹ́fà péré ló kù tí ìwé yín lè rí ìlọsíwájú wọn.

Lágbègbè wa lẹ́bàá odò Ọ̀yán, àtọ̀sí ajá, àrùn inú odò tó ń mú kí ọmọ tọ ẹ̀jẹ̀, la ń bá jà. Ṣé ìwé ìbéèrè wúlò níbẹ̀?

Ó wúlò, bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ ń wọ̀n. Ní Tanzania, ní nǹkan bí ọdún 1990, wọ́n fi ìwé kúkúrú rán àwọn olùkọ́ pé kí wọ́n bi àwọn ọmọ bóyá ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtọ̀ wọn. Ìwé yẹn ṣe dáadáa láti fi mọ ilé ẹ̀kọ́ tí àrùn náà ti pọ̀. Àwọn ọmọ ò tijú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tijú ọwọ́ àìfọ̀, nítorí lójú wọn ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. (Fún àwọn ọmọbìnrin tó ti bàlágà, ẹ ṣọ́ra, nǹkan oṣù lè dà á rú.)

Ṣùgbọ́n ìyẹn ń wọn àìsàn. Bí ètò yín bá wà láti mú kí ọmọ má wọ odò mọ́, tí wọ́n sì tún pín praziquantel, oògùn àrùn náà, ní táàmù yẹn, ẹ̀jẹ̀ á dá, ọmọ á sì ṣì máa lúwẹ̀ẹ́. Ẹ bi í nípa odò lọ́tọ̀: "Ìgbà wo lo wọ odò kẹ́yìn? Kí lo lọ ṣe níbẹ̀?" Ọmọ tí wọ́n rán lọ fọ aṣọ lódò kò ní ibòmíì tó máa lọ bí kò bá sí kànga. Ìwé tí kò béèrè ìyẹn á ka àìsí omi sí àìgbọràn.

Ṣé ọ̀nà mìíràn wà yàtọ̀ sí kí a bi wọ́n?

Ó wà, ẹ sì fi kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ lára ọmọ díẹ̀. Ẹ wọn ọṣẹ lórí ìwọ̀n lọ́jọ́ Ajé àti lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ wò bóyá omi àti ọṣẹ wà níbi ìfọwọ́ láìsọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Oníṣègùn eyín lè wo ìdọ̀tí orí eyín, kó fún un ní máàkì. Ìlànà Silness àti Löe fún irú máàkì bẹ́ẹ̀ ti wà láti 1964. Ẹ̀rọ kékeré kan tún wà tí ọmọ ń so mọ́ ìbàdí tó ń ka bó ṣe ń rìn, àmọ́ ó wọ́n. Wíwò pàápàá ní àlébù: ọmọ tó rí i pé à ń wo òun á fọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ẹ jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ títí wọ́n á fi gbàgbé yín.

Ìyá ọmọ ni mí. Ta ló fún yín láṣẹ láti bi ọmọ mi ní ìbéèrè?

Ẹ̀yin gan-an ni, mà, bí ẹ bá fọwọ́ sí i. Òfin ìwà nínú ìwádìí ìlera ní Nàìjíríà ti 2007 béèrè pé kí ìgbìmọ̀ yẹ iṣẹ́ náà wò, kí òbí sì gbà. Ọmọ tó ti lóye náà gbọ́dọ̀ gbà, ó sì lè sọ pé òun ò ṣe mọ́ nígbàkúgbà, láìsí ìyà. Kí orúkọ rẹ̀ má sí lórí ìwé. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ní ilé ẹ̀kọ́ ti gbà fún yín, ẹ sọ fún un pé ilé ẹ̀kọ́ kọ́ ló bí ọmọ yín.

Fóònù ni àbí ìwé?

Ìwé fáwọn ọmọdé. Bí ẹ bá gbé fóònù fún wọn, ibi tí géèmù wà ni wọ́n máa wá.

A ti tẹ ìwé tiwa tán, 300 ẹ̀dà. Ṣé ká jó o ni?

Rárá o. Ẹ mú mẹ́wàá níbẹ̀, ẹ bá ọmọ mẹ́wàá jókòó lákòókò oúnjẹ ọ̀sán, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń bi wọ́n. Ẹ fi bírò pupa sí gbogbo ibi tí ọmọ méjì bá ti sọ ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ tún un tẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ kó o fún kíláàsì kìíní. Ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n á fi ya àwòrán.